Bébà Tó Wà Lórí Bébà Mi

Ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí jì í. Ẹni tó bá wù kó lọ bá a ṣọ̀rẹ́.

Ojú màmá mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Awọ funfun ti ń bo méjèèjì, dókítà sì ti ní bí a kò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, yóò fọ́ pátápátá. Owó iṣu oko rẹ̀ la fẹ́ fi ṣe é. Ní ẹ̀bá ọ̀nà wa, lápá Iyah-Gbẹ̀dẹ̀ nítòsí Kábbà, ọjà wa kì í ní olùṣọ́. A óò to iṣu kalẹ̀, a óò to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀, òkúta kan fún ẹgbẹ̀rún náírà kan. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á ka òkúta, á fi owó sábẹ́ igbá, á gbé iṣu rẹ̀ lọ. Láti kékeré mi, kọ́bọ̀ kò sọnù rí níbẹ̀.

Ìgbà tí owó bébà wá di ọ̀wọ́n, tí gbogbo oníbàárà ń béèrè tiransifáà, èmi tí mo pe ara mi ní tíṣà, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Kábbà. Ó tẹ kíú-áà kóòdù fún mi, bébà alámì dúdú wẹ́wẹ́ tí èèyàn ń gbé fóònù sí kí owó lè wọ àkáǹtì mi. Ó tilẹ̀ gun máṣíìnì wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu fún wa. Ó kí màmá mi, "Okun o, Màmá." Màmá mi fún un ní iṣu méjì, ó tún gbàdúrà lé e lórí. Háà! Iṣu méjì!

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, áláàtì ń wọlé. Nígbà tó yá, iṣu ń tán, fóònù mi dákẹ́. Mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún àwọn èrò ọ̀nà. Màmá mi ní, "Àwọn tó ń kọjá kì í jalè. Lọ wo bébà rẹ." Ẹni tí kò ríran ló sọ ọ́ fún mi o.

Mo gbé fóònù mi sí i bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu. Orúkọ tó jáde kì í ṣe tèmi. Orúkọ atúnfóònùṣe yẹn ni! Mo fi èékánná họ etí bébà náà, ó ṣí. Tèmi wà lábẹ́ rẹ̀; ó ti padà wá lẹ tirẹ̀ lé e. Inú bí mi. Owó ojú màmá mi ló ń jẹ.

Mi ò pariwo. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Mo rọra bó bébà náà, mo fi sáàárín ìwé, mo dúró de ọjọ́ ọjà Kábbà. Nígbà tí ọjà kún, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù tí òun fi ń gbowó. Mo fi ohùn tíṣà ké: "Ẹ gbé fóònù sí èyí tí mo bó kúrò lórí tiwa nídìí iṣu màmá mi, ẹ ka orúkọ. Ẹ gbé e sí èkejì, ẹ kà á sókè! Níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ sanwó, ẹ ka orúkọ ná, ẹ sì fi èékánná yẹ etí bébà wò!" Wọ́n ka orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì bí ọmọ iléèwé. Ó dùn mọ́ mi dé eegun.

Ọkùnrin náà sáré jáde, ó ń làágùn. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bò mí láṣìírí."

"Àṣírí wo? Ṣebí orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dá gbogbo owó náà padà. Àwọn èèyàn ní ó tó. Kò tó mi. Mo sọ fún un pé bí kò bá fẹ́ kí n lọ bá ọlọ́pàá, òun ni yóò jókòó níwájú màmá mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú báńdéèjì ojú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo fẹ́ kó jẹ́ ojú olè ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ó wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n tú báńdéèjì náà. Màmá mi ṣẹ́jú, ó tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ìwọ lo jẹ iṣu mi méjì yẹn? Ojú rẹ mà dáa o. Kí ló wá ṣe ọ́?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ní kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èmi kẹ̀? Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, mo jókòó, mo ń wò ó.