Omi Tó Ń Wọ Àjà Ilẹ̀ Àlájì Sàní

Ràímì kì í sọ̀rọ̀ bí ó bá wọ ilé tí omi ti ń jò. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa rò pé ìgbéraga ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ páìpù ló mú un bẹ́ẹ̀. Ará Àjàṣẹ́ ni ọ̀gá náà, èdè Gùn ló fi máa ń bú ènìyàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń sọ pé páìpù tó ń jò a máa sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í tún un sọ fún aláròyé. Nítorí náà, Ràímì yóò fi ọ̀pá irin ti ògiri, yóò fi etí lé orí ọ̀pá, yóò sì dijú. Rodiat ọmọ rẹ̀ ní lọ́jọ́ tí bàbá òun bá kú, kí wọ́n má tètè sin ín, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá páìpù ló ń tẹ́tí sí.

Ọmọ ìlú Pobè ni Ràímì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Kútọnù débi pé bí ó bá lọ sílé fún Iléyá, àwọn ọmọdé àdúgbò a máa kí i bí àlejò. Ó mọ iṣẹ́, kì í yan ènìyàn jẹ. Àléébù kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ lè tọ́ka sí ni pé bí ó bá ti la ẹnu sọ pé báyìí ni nǹkan rí, ó parí nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ràímì kò sì fẹ́ kí tirẹ̀ fọ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Ṣẹ̀ríìfù ló ránṣẹ́ pè é wá sí ilé bàbá rẹ̀, Àlájì Sàní tó ti di olóògbé. Ilé náà kò jìnnà sí èbúté. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ló kọ́ ọ kí wọ́n tó bí Àlájì, wọ́n sì gbẹ́ yàrá kan, àjà ilẹ̀, sábẹ́ rẹ̀ fún ẹrù. Àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn láyà, nítorí ní Kútọnù, bí èèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún, omi yóò kí i káàbọ̀. Ní báyìí, omi inú àjà ilẹ̀ náà ti mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri sì ti ń rọ.

Ọ̀rọ̀ Ṣẹ̀ríìfù kò gùn. Bí ó bá jẹ́ páìpù ló ń jò, kí Ràímì tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ omi ilẹ̀, kò sí àtúnṣe, òun yóò ta ilé náà, òun yóò sì kó ìyá òun lọ sí Agblangandan níbi tí òun ń gbé.

Àdìzátù, ìyá rẹ̀, gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí. “Ilé ọmọ dára láti kí,” ó wí, “kò dára láti gbé.”

Ràímì fa omi inú àjà ilẹ̀ gbẹ. Ó ti kọ́kọ́rò tí a fi ń dá omi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó sì ní kí Àdìzátù ti gbogbo ẹ̀rọ omi ilé pa. Ìyá náà lọ láti yàrá dé yàrá, ó tì wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Ràímì sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó ti ògiri. Kò pẹ́ tí omi tún yọ ní ìdí ògiri ìhà títì, tó ń wá jẹ́jẹ́. Ó dúró títí wọ́n fi kírun ọ̀sán, omi náà kò dáwọ́ dúró.

“Omi ilẹ̀ ni,” ó sọ fún Ṣẹ̀ríìfù. “Gbogbo omi ilé ni a ti tì, ó sì ń wá síbẹ̀.”

“Bàbá Rodiat, ẹ ṣeun. Àwọn tó wá ṣáájú yín náà sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́la ni màá gbé ọkọ̀ wá kó ẹrù.” Ó lọ. Àdìzátù bi Ràímì bóyá yóò jẹun.

Ràímì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde. Oní-zẹ́mì kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi kan tó yọ sí títì, ó mu omi yó, ó fọ ojú, ó sì gbéra. Ràímì wo ilẹ̀ tútù tó fi sílẹ̀. Kọ́kọ́rò omi ilé ṣì wà bó ṣe tì í, síbẹ̀ ẹ̀rọ yìí ń yọ omi. Ojú tì í gidigidi, ó sì kọ́kọ́ wò ó pé bí òun bá ń lọ báyìí, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Síbẹ̀, ó padà wọlé.

“Màmá, ta ló ni ẹ̀rọ ara ògiri ìta yẹn?”

“Àlájì ni.”

“Ṣebí mo ní kí ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ ilé.”

“Mo tì wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ti ilé. Sàárà Àlájì ni. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ń mu níbẹ̀, ẹ̀san rẹ̀ yóò máa bá òun nínú sàréè. A kì í tì í.”

Ìyá náà kò purọ́. Ohun tí a bá ti fi fún Ọlọ́run kì í tún ṣe tẹni mọ́, báwo ni yóò ṣe kà á mọ́ ẹ̀rọ ilé? Gbogbo oníṣẹ́ tó wá ló sọ fún pé òun ti ti ẹ̀rọ ilé, òtítọ́ ló sì ń sọ. Àlájì ti ya páìpù sàárà náà sọ́tọ̀ kí omi tó dé kọ́kọ́rò ẹnu ọ̀nà, ó gbé e gba ìdí ìpìlẹ̀, ó sì fún un ní kọ́kọ́rò tirẹ̀ nínú kòtò kékeré kan lẹ́bàá géètì.

Ràímì fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ ibẹ̀, ó fi etí lé e. Ó gbọ́ ìró omi tó ń jò ketekete.

“Páìpù yìí ló bẹ́. Ó yẹ kí n tì í títí di ọ̀la, kí n lè gba ibòmíràn gbé tuntun.”

“Bí o bá tì í, ẹ̀san Àlájì dúró nìyẹn.”

“Bí n kò bá tì í, Agblangandan ni.”

Àdìzátù wo ògiri ilé náà. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sétí kòtò. “Èmi ni màá tì í fúnra mi,” ó wí. Kọ́kọ́rò náà ti dógùn-ún, ó sì le. Ó sọkún bó ṣe ń yí i. “Àlájì, ẹ má bínú,” ó wí. Ràímì kò bá a fọwọ́ kàn án, nítorí ìyá náà kò bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Ràímì tún sọ̀ kalẹ̀ sí àjà ilẹ̀, omi ìdí ògiri ti ń kán tó-tó-tó. Nígbà tó yá, kò kán mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Ràímì ti ń gbẹ́ yanrìn lóde, Àdìzátù gbé ike omi ńlá kan jáde láti ilé ìdáná, pẹ̀lú àpótí ìjókòó àti kọ́ọ̀bù. Ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ tí a tì, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún ẹni tó bá yà. Àwọn alágbàrù èbúté mu, àwọn awakọ̀ mu. Oòrùn le. Ràímì ní kí ó bọ́ sí ìbòòji, ìyá náà ní kò sí ẹni tí yóò rí òun níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ṣẹ̀ríìfù bá a nígbà tí òun àti awakọ̀ akẹ́rù dé. Inú bí i. “Ìyá mi, ṣé omi lẹ wá ń tà ní títì ni?”

Ràímì gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá, mo ṣì í sọ,” ó wí. “Kì í ṣe omi ilẹ̀, páìpù ni. Ẹ wá wò ó.” Gbólóhùn náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju àpò irinṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Ṣẹ̀ríìfù fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ìdí ògiri, kò rí omi. Nígbà tó jáde, ìyá rẹ̀ ti bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ó nà án sí i. Ó gbà á, ó mu ún tán.

“Bàbá rẹ ti gba ẹ̀san tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá,” Àdìzátù wí. “Èyí tí o mu yìí, tèmi ni.”

Ṣẹ̀ríìfù dá kọ́ọ̀bù náà padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì lọ sọ fún awakọ̀ pé kí ó máa lọ.