Ọkọ Tó Ní Kí Ìyàwó Dúró Lábẹ́ Omi

Kí ló gbé ọmọ Ìsẹ́yìn dé ìsàlẹ̀ òkun? Ìfẹ́ ọkọ ni o! Dókítà ọmọdé ni Karimat ní Jẹ́dà, iṣẹ́ ọsibítù nìkan sì ti tó láti dá a lágara. Ṣùgbọ́n Rauf ọkọ rẹ̀, olùkọ́ yunifásítì ní Mẹ́kà, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn, kí àwọn lè jọ máa najú lọ́jọ́ ìsinmi. Ó kọ́ ọ. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá lọ: méjì-méjì ni, ẹ̀mí ẹnì kìíní wà lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n lọ wo ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tó kó àwọn alálàájì rì sí ìtòsí Jẹ́dà. Ibi tí Karimat ti ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà ni àwọ̀n apẹja kan ti kọ́ sílíńdà afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fà á, kò já. Ó fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ lu sílíńdà náà gbàn-gbàn. Rauf bojú wẹ̀yìn, ó rí i kedere. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i pé kó dúró ná, ó sì yí padà wọ inú ọkọ̀ lọ.

Ẹ gbà mí o! Kó dúró ṣe kí ni? Afẹ́fẹ́ Karimat ń tán lọ. Fatin, nọ́ọ̀sì ọmọ Jẹ́dà tó ṣe ẹnì kẹta wọn, tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ló fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n náà, tó sì dì í lọ́wọ́ mú dé òkè.

Nígbà tí Rauf yọ, ẹ̀rín ló bá jáde. Búútà bàbà kan ló rí he nínú ọkọ̀, èyí tí alálàájì kan ti fi ṣe àlùwàlá láyé ọjọ́un. Ó ní alùbáríkà ni, ìyá òun ní Ìwó lòun máa fi ránṣẹ́ sí. Saad tó ni ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹrù òkú ni, ibi tó ti mú un ló máa padà sí. Làwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ọkùnrin yìí ń du búútà, kò tíì bi ìyàwó rẹ̀ bóyá nǹkan kan ṣe é.

Inú bí Karimat, ó já lu ọ̀rọ̀ wọn, ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀:

"Bàbá Aasiyah, ṣé ẹ rí mi nínú àwọ̀n yẹn?"

"Mo rí ọ. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ rẹ ò tíì tán. Mo máa padà wá bá ọ ni."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó gbé ìkòkò kaná, tó ní òun ń bọ̀. Ṣé òun ló ń bá a mí ni?

Nígbà tí wọ́n sinmi tán, Saad ní kí kálukú mú ẹnì kejì rẹ̀, kí wọ́n tún wọ omi. Rauf ti ń gbé sílíńdà kọ́ ẹ̀yìn. Karimat lọ dúró ti Fatin. Rauf wá bi í pé ta ni òun máa bá lọ.

"Ẹ jókòó sínú ọkọ̀. Ká ní ẹ ò rí mi ni, ǹ bá forí jì yín. Ẹ rí mi."

Òun àti Fatin wọ omi lọ.