Nígbà Tí Wọ́n Jí Orúkọ Fọlákẹ́

Ọdún kejì tí a bọ́ ìbòmú Kòrónà kúrò lójú ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Bronx ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ olùtọ́jú fún ọdún mọ́kàndínlógún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ yúníọ̀nù wa báyìí, tí ẹ ń rí i nínú ìwé àdéhùn yín pé iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè ààbò lórí orúkọ yín, ẹ lè rò pé inú rere àwọn ọ̀gá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló fara gbá a, èmi náà sì wà lára ohun tó jẹ́ kó fara gbá a.

Aṣojú òṣìṣẹ́ ni mí nígbà náà. Àwọn olè kan ti wọ inú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wa, wọ́n kó orúkọ wa, ọjọ́ ìbí wa àti nọ́ńbà Social Security wa, tí ìjọba fi ń dá olúkúlùkù mọ̀, lọ. Lẹ́tà kan péré làwọn ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí wa, pé ká máa ṣọ́ra. Nígbà tí a jókòó láti ṣe àdéhùn tuntun, Tósìn, tá a jọ jẹ́ aṣojú, ní ká béèrè fún ààbò orúkọ: kí iléeṣẹ́ gba àwọn tí yóò máa ṣọ́ nọ́ńbà wa, tí wọn yóò sì wá lọ́yà fún ẹni tí olè bá fi orúkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ibi. Àdúgbò Queens Village níbí ni wọ́n bí Tósìn sí, ohùn òyìnbó sì wà nínú Yorùbá rẹ̀.

"Àǹtí Bísí, please, ẹ jẹ́ kó wà nínú list wa," ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín. "Tósìn, ìledìí la ń pààrọ̀ fún arúgbó níbí. Ta ló fẹ́ jí orúkọ wa, kó fi ṣe kí ni?"

Àwọn ọ̀gá ní tí a bá yọ ọ́ kúrò, àwọn yóò fi ọjọ́ ìsinmi kan kún tiwa. Mo gbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ọmọdé gbọ́n.

Fọlákẹ́ ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú bíi tèmi. Ọmọ Ìlá ni, àdúgbò University Heights lòun àti ọmọ rẹ̀ méjì ń gbé. Àwọn arúgbó tí kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ wa máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pé ọdún kan tí a fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi pè é sí ọ́fíìsì. Nígbà tó jáde, ó fara ti ògiri.

"Àǹtí, wọ́n ní ọlọ́pàá ti mú mi rí, pé mo jalè."

"Níbo?"

"Ní ìpínlẹ̀ kan tí mi ò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí."

Obìnrin kan ló ti ń fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní Fọlákẹ́ lòun. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ń ṣe lórí wa lọ́dọọdún ló gbé e jáde. Wọ́n ní kí Fọlákẹ́ lọ jókòó sílé títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Green card rẹ̀, ìwé àṣẹ tó fi ń gbé Amẹ́ríkà, tó fẹ́ gbà tuntun náà dúró sójú kan. Ó ń ti àgọ́ ọlọ́pàá dé ọ́fíìsì ìjọba, òun nìkan, láìsí ẹni tó mọ ọ̀nà tó lè mú un lọ. Àwọn tí ì bá mú un lọ ni mo yọ kúrò nínú àdéhùn.

Inú wàhálà yìí ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kú ní Ìlá. Lọ́yà kan tó ń bá wa jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì sọ fún un pé tó bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè má jẹ́ kó wọlé mọ́. Ta ni yóò wá bá a tọ́jú ọmọ? Ó dúró.

Yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì la ti wo ìsìnkú náà lórí fóònù rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ pósí kalẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Fọlákẹ́ ń fi ìka tẹ fóònù náà léraléra. Nígbà tó yá, ó gbé e sílẹ̀.

"Àǹtí, ta ló máa bá mi da yẹ̀pẹ̀ tèmi?"



Ní ìpàdé yúníọ̀nù tó tẹ̀ lé e, mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mo yọ ààbò yẹn kúrò. Mo fi ṣe pàṣípààrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan." Tósìn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ohun tó sọ ni pé, "Ó yá, Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ gbà á padà."

Lójoojúmọ́ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán la ń tò sí ẹnu ọ̀nà, olúkúlùkù pẹ̀lú pátákó tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Òjò pa wá. Àwọn ọmọ àwọn arúgbó tí à ń tọ́jú wá bá wa dúró. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà jáde sí wa.

"Kì í ṣe àwa la jí nọ́ńbà yín," ó ní.

Mo dá a lóhùn pé, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ká mú un wá ká tó ríṣẹ́. Ẹni tó gba ẹrù pa mọ́ ni wọ́n ń bi léèrè ẹrù."

Ọjọ́ kejì tí a dìbò pé a ó yanṣẹ́ lódì ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ohun tí a gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ló bẹ̀rẹ̀, ti Fọlákẹ́ sì ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kò kàn án. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà tí wọ́n fi sọ ọ́ kò gùn. Kò sí "pẹ̀lẹ́" nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò padà. Títí di òní, àwọn tí wọ́n ń pè síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò sí nínú ààbò náà, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tiwọn náà wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Èmi kò parí rẹ̀.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo lọ sílé Fọlákẹ́. Ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo sọ fún un pé àforíjì ni mo wá tọrọ.

"Àǹtí, mo ti dárí jì yín tipẹ́," ó ní. "Ẹ má ṣáà sọ fún mi pé ó ti tán."

Mo jókòó tì í, mo fa aṣọ díẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi. A jọ ká a tán.