Ẹ Jẹ́ Kí N Ha Ọ̀dà Yìí

"Ayédèrú ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni Débọ́lá rà fún mi ní ọjà Trade Fair!"

Ohun tí Dádì Akínfẹ́nwá ń sọ kiri Festac nìyẹn. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ti ń sáré, ohùn rédíò inú rẹ̀ á máa hu hùùù, bí ẹ̀fọn tó há sínú ike.

Inú Débọ́lá ń hó. Fóònù ló fi kọ́ra rẹ̀ níṣẹ́ ohùn inú mọ́tò. Ó ti ba rédíò màmá rẹ̀ jẹ́ títí kó tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Òun náà ni bàbá tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà wá ń pè ní oníjìbìtì? Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Agboju ò tiẹ̀ gbé ìpè rẹ̀ mọ́! Ó kọrí sílé bàbá tìbínú-tìbínú.

"Dádì, ẹ ṣí búùtù."

"Kí lo tún fẹ́ bàjẹ́?"

Mọ́tò ń dán gbinrin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà ní ọ̀nà Raji Rasaki, tinú tòde. Débọ́lá ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ó rí i lójú ẹsẹ̀: wáyà dúdú ẹ̀rọ náà tí òun dè mọ́ irin tí kò lọ́dà, péńtà ti tú u, ó sì tún un dè sórí ọ̀dà! Bẹ́ẹ̀, ara irin mọ́tò ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Ọ̀dà ti dínà fún un. Ó ní kí bàbá tan mọ́tò, kó sì tẹ iná sí i; hùùù bẹ̀rẹ̀. Ó fa wáyà gígùn mìíràn láti ẹ̀gbẹ́ dúdú bátìrì wá kan ẹ̀rọ náà. Ariwo pa rọ́rọ́. Débọ́lá fò sókè.

"Ẹ gbọ́ bí? Ẹ jẹ́ kí n ha ọ̀dà ìdí wáyà yìí, ó parí."

"Ọ̀dà tuntun? Kọ́kọ́ ha èmi fúnra mi!"

"Dádì, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni! Ta ló ń lọ wò ó níbẹ̀? Aáyán?"

Ìyàwó bàbá pariwo láti ojú fèrèsé: "Bàbá Tolú, ẹ jẹ́ kó ha á jàre! Hùhù yín ti di wá létí."

Débọ́lá ha á títí irin fi yọ, ó de wáyà le dan-in. Bàbá ò dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá gba máìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí. "Ẹ bá mi yin Olúwa! Mo ta òróró sórí ẹ̀rọ yẹn, ariwo sá lọ!"

"Halelúyà!"

Débọ́lá dìde.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ayédèrú tẹ́ ẹ ń pariwo kiri ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ mi ò bàjẹ́ rí."

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ̀rọ rẹ̀ ò bàjẹ́," ni bàbá kùn sínú.

"Ẹ gbé máìkì súnmọ́ ẹnu, sà," ni Débọ́lá wí. Kò tíì jókòó.