Gìtá tí Mo-Ti-Parí Fi Ilẹ̀kùn Ṣe

Lọ́jọ́ tí Mo-Ti-Parí yọ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láti fi ṣe gìtá, àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà nínú balùwẹ̀ náà, ọṣẹ sì kún ojú rẹ̀. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ ta á lólobó.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Mò ń wẹ̀ o!"

"Ṣé ilẹ̀kùn lo fi ń wẹ̀ ni? Ọṣẹ ṣáà wà lọ́wọ́ ẹ."

Káfíńtà ni bàbá yìí, ogójì ọdún ló fi fá pákó. Wọ́n ń pè é ní Mo-Ti-Parí nítorí pé tó bá ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀, tó ní "mo ti parí ẹ̀," ọba ò lè ní kó tún fọwọ́ kàn án. Tí ẹsẹ̀ àga kan bá kúrú ju ìyókù lọ, yóò ní kí oníbàárà lọ tún ilẹ̀ ilé rẹ̀ ṣe.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló ń fẹ́ gìtá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, gìtá tó ń yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ló fi kọ́ títa. Ẹgbẹ́ olórin kan ládùúgbò ń wá onígìtá kan ṣoṣo. Olórí wọn ní kó wá dán ọwọ́ wò ní ìparí oṣù, kó sì mú gìtá tirẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ju agbára wọn lọ. Bàbá gbọ́, ó ní, "Pákó ni, wáyà ni. Kí ló tún kù?"

Mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó bàjẹ́ ló máa gbé ohùn okùn jáde. Wáyà bàbà tó fẹ́ wé mọ́ ọn, inú fáànù ló ti tú u.

"Fáànù mi!" ni ìyàwó rẹ̀ ké.

"Fáànù tó ti kú."

"Àná ló fẹ́ mi!"

"Àìsàn ló ń ṣe é nígbà yẹn."

Ó gé sípóòkù kẹ̀kẹ́ sí wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n sí ọrùn gìtá bí àkàsọ̀, kí ọwọ́ lè rí ibi tẹ okùn mọ́. Hínjì ilẹ̀kùn náà ló fi gbé okùn dúró nísàlẹ̀. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè mìíràn, ó fi ìka gbá a. Ohùn jáde! Ìyá tó ń bínú nítorí fáànù gan-an pàtẹ́wọ́.

Àbùkù kan ló wà níbẹ̀. Irin sípóòkù keje ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò ju ìwọ̀n èékánná tí a gé dànù lọ. Okùn ń gbá a, ó ń kùn bí yànmùyánmú. Ohun tó yẹ ni kó fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin rẹ irin kan yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní òun ti parí ẹ̀. Ó kúkú ń ki wẹ́wẹ́ pákó sábẹ́ hínjì, ó ń gbé okùn sókè, ó tún ń gbé e sókè, títí kíkùn náà fi dákẹ́. Nígbà tó máa ṣe tán, eku lè gba abẹ́ okùn kọjá láìtẹrí ba.

Ọmọ náà tẹ okùn, awọ ìka rẹ̀ ya.

"Bàbá, okùn yìí ga jù."

"Kò ga. Wo tèmi." Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kò mira.

Níbẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ìka tí ogójì ọdún iṣẹ́ pákó ti sọ di pátákò ẹṣin ló fi ń wọn okùn fún ọmọ. Ọkùnrin tó lè fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀, kó sì béèrè pé ta ló ń kanlẹ̀kùn!

"Ẹ bá mi fáìlì irin keje, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Mo ti parí tèmi. Ìwọ náà lọ parí ìka ẹ."

Lọ́jọ́ ìdánwò, bàbá bá ọmọ lọ. Orin àkọ́kọ́ ṣì ṣeé gbọ́. Ní ìkejì, ẹ̀jẹ̀ ti ń mú okùn yọ̀. Okùn tó bá sì ga tó bẹ́ẹ̀, bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló ń le sí i, ohùn rẹ̀ á máa ké ju bó ṣe yẹ lọ. Olórí ẹgbẹ́ gba gìtá náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó yára ki ìka bọ ẹnu.

"Bàbá, ohun tí wọ́n fi ń gé ẹran lẹ ṣe yìí o."

Mo-Ti-Parí dìde láàárín èrò. "Gìtá ò ní nǹkan kan! Ọmọ yìí ló ya ọ̀lẹ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú.

Ọmọ náà gbé gìtá kọ́ ara ògiri, ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò fọwọ́ kàn án. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bàbá rẹ̀ ń ròyìn ọjọ́ yẹn fáwọn oníbàárà rẹ̀ níṣojú rẹ̀, ó sì ń fi iyọ̀ sí i. Lọ́dún kìíní, olórí ẹgbẹ́ ki ìka bọ ẹnu. Lọ́dún karùn-ún, olórí ẹgbẹ́ ti dákú. Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ tó ti di télọ̀ á máa wa máṣíìnì kíkankíkan, kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹnu bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, àìsàn dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, awọ tuntun yọ lábẹ́ rẹ̀, ó rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n gbé gìtá wá fún òun. Ó tẹ okùn kan.

"Yéè!"

Ó wo ìka rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Okùn yìí... ó ga díẹ̀."

"Díẹ̀, Bàbá?"

"Díẹ̀ ni mo wí. Tí mo bá ti dìde, màá fáìlì ẹ̀."

Télọ̀ sáré jáde nínú yàrá kó má bàa sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí bàbá. Bàbá ò sì dìde mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, ó wọ ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ó mú fáìlì, ó fà á lórí irin keje. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré, irin náà bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ó yọ wẹ́wẹ́ pákó kúrò lábẹ́ hínjì lọ́kọ̀ọ̀kan títí okùn fi sọ̀ kalẹ̀. Ó ta á. Kò kùn, kò ké, ohùn rẹ̀ mọ́ lóló. Ká ní gìtá náà kò dáa rárá ni, ìbá sàn fún un. Gìtá gidi ni bàbá rẹ̀ ṣe. Fífà márùn-ún ló kù, ó sì jẹ́ kí wọ́n kù. Ó jókòó sórí àpótí iṣẹ́, ó sunkún ìbínú.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni olórí ẹgbẹ́ ọjọ́sí, tó ti hewú báyìí, wá kí wọn kú ara fẹ́ra kù. Ó rí gìtá, ó rọra nawọ́ sí i bí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí. Ojú rẹ̀ là. Ó ta odindi orin kan.

"Ta ló tún un ṣe? Onítọ̀hún mọṣẹ́ o!"

Télọ̀ ti la ẹnu. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń dúró de ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè yẹn, kó lè to ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn jáde, ohun mìíràn ló sọ.

"Kò sẹ́ni tó tún un ṣe, sà. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn."

"Rárá o. Mo rántí dáadáa. Ìka mi..."

"Ẹ̀yin lẹ fipá tẹ̀ ẹ́, sà."

Ìyá rẹ̀, tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìsìnkú, bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó gba gìtá, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ún, ó sì dá a padà fún àlejò náà.

"Ẹ tún un ta, ẹ jọ̀ọ́. Kí Màámi gbọ́ iṣẹ́ ọkọ wọn."