Ìbéèrè Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Ọ̀dá jó ìrẹsì Kíkẹ́lọmọ Ajíbádé mọ́lẹ̀, obìnrin náà kò tẹrí ba. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Olúfúnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì ń rákòrò. Àwọn àna rẹ̀ ní kí àbúrò olóògbé ṣú u lópó, ó ní òun ti yan ọkọ lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Wọ́n gba oko kòkó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjá lọ sí àbàtà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ó sì gbin ìrẹsì síbẹ̀. Ẹyẹ oko pàápàá kò rí i mú: láti ìdájí ni yóò ti dúró láàárín oko, tí yóò máa fi orin ìsìn lé wọn. Àwa olùkọ́ tí a ń kọjá lọ sí ilé-ìwé a máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìgbẹmọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ burú. Nígbà tí Olúfúnkẹ́ lóyún àkọ́kọ́, inú bọ́lẹ́kájà tó ń gbé e lọ sí Adó ni ọmọ náà kú sí. Ọ̀ràn yìí ló mú kí Kíkẹ́lọmọ kó àwọn obìnrin jọ pé kí a kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tiwa. A ru yanrìn láti odò, a pọn omi, àwọn ọkùnrin mọ ògiri. Ìjọba rán agbẹ̀bí kan sí wa, Nọ́ọ̀sì Ọmọ́táyọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ. Ohun tí a gbọ́ ni pé ìlú ìyàwó ọ̀gá tó ń ṣàkóso ètò ìlera ní agbègbè wa ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí agbẹ̀bí ti wà tẹ́lẹ̀. Olúfúnkẹ́ sì ti tún lóyún.

Ní òpin ọdún 1978, lẹ́yìn ìkórè, ọ̀gá náà wá bẹ̀ wá wò. A pa àtíbàbà síwájú ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní títì. Ó sọ̀rọ̀ ìlọsíwájú títí oòrùn fi yí. Nígbà tó ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, Kíkẹ́lọmọ rìn dé iwájú, ó sì kúnlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí a kọ́ ṣe ń bá aláṣẹ sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ulé tí a kọ́ rèé. Níbo ni agbẹ̀bí inú rẹ̀ wà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìyìn ni òun náà, èdè kan náà la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ti gba èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá, ilé ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ulé."

"Bó ti wù kí ẹ pè é, kò sẹ́ni nínú rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Ojú ọ̀gá yí padà, ṣùgbọ́n ó tètè rí i pé orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin náà ṣì wà. Ó na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń súre. "Ẹ dìde, ìyá. A ti gba ẹ̀bẹ̀ yín."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Baálẹ̀ wa, Bàbá Ọláoyè, ti ń dúpẹ́. Kíkẹ́lọmọ dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún.

"N kò bẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè ni. Mo ti dìde báyìí kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀. Ta ló ní kí agbẹ̀bí wa lọ?"

Ìpàtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. "Jókòó, Ìyá Fúnkẹ́," ni baálẹ̀ wí. "A kì í dúró gbagidi wo ìjọba lójú."

Obìnrin kan lẹ́yìn mi rọra sọ pé, "Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó lè má délé."

Ọ̀gá kẹ́yìn sí i. Ó wọ ọkọ̀ Pijó rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé òun ló ba ọ̀ràn jẹ́, pé ká ní ó dúró lórí ìkúnlẹ̀ ni, à bá ti rí agbẹ̀bí gbà. Àwọn tó bá a ru yanrìn ń yà fún un lọ́nà odò. Ó ń lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ní Adó láti tún bèèrè. Yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Fájuyì, yóò fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, wọn yóò ní ọ̀gá kò sí. Pijó ọ̀gá yóò sì wà níta.

Ìgbà òjò dé. Olúfúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, a gbé e sínú bọ́lẹ́kájà, ọkọ̀ náà sì rì sínú ẹrẹ̀ kí ó tó dé títì ọlọ́dà. A tì í títí, kò gbéra. Ẹ̀bá ọ̀nà ni Olúfúnkẹ́ bímọ sí. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í nínú ẹrẹ̀, ó gba ọmọ náà sọ́wọ́. Ọmọ náà kò ké.

Nígbà tí Olúfúnkẹ́ tún lè rìn, baálẹ̀ wá sí ilé wọn. Mo wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, àánú sì ṣe é. Yóò fún Fúnkẹ́ níṣẹ́ ní ọsibítù, ní Adó. Kìkì pé kí o wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lójú gbogbo wa, kí o sì sọ pé ẹ̀bẹ̀ lo bẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Kíkẹ́lọmọ ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Ṣé agbẹ̀bí ń padà bọ̀?"

"Kò sọ ìyẹn."

"Ṣé ó sọ ẹni tó gbé e lọ?"

Baálẹ̀ wolẹ̀. "Ìyá Fúnkẹ́, gba èyí tó wà nílẹ̀. Kò sí ohun tí a lè ṣe."

Kíkẹ́lọmọ mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Olúfúnkẹ́ mirí pé rárá.

"Ẹ bá wa kí i, bàbá," ni Kíkẹ́lọmọ wí. "A kò gbà á."