Èènì Kò Sí Nínú Ìjábọ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn, nítorí bí mo bá ní ìjábọ̀ òwò ni mò ń ṣe, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó ń parọ́ pé òun níṣẹ́. Ilé iṣẹ́ wa ń ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe é, a sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò tó ń gbé e kọjá ẹnubodè lọ sí Nàìjíríà. Ibùdó mẹ́ta la ní: ọ̀kan ní Ifangni níbi tí ọ́fíìsì mi wà, ọ̀kan ní Daagbé, ọ̀kan ní Banigbé. Kùtọnù ni ọ̀gá wa ń gbé. Eruku ọ̀dọ̀ wa kì í bá a lára mu, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sì fojú kàn án láti ìgbà tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ohun gbogbo tó mọ̀ nípa epo rẹ̀, èmi ni mo sọ fún un.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ń ṣe àkóso ibùdó Banigbé, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àti ìgbéraga lórí, mo rò pé ẹni tí kò gbọ́ Faransé kò lè kọ́ mi ní nǹkan kan. Ó gbé kàyé kan síwájú mi, irú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ iṣẹ́ sí, epo ti rin ín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń dán. Òpó mẹ́rin ló fi pẹ́ńsùlù fà sínú rẹ̀. Epo tó wọlé wà nínú èkíní, epo tí a tà wà nínú èkejì, èènì wà nínú ẹ̀kẹta, epo tó ṣẹ́kù wà nínú ẹ̀kẹrin. Ó fi ìka lé ẹ̀kẹta.

"Ọmọ mi, èyí ni kí o mọ̀ dáadáa. Bí o bá gbàgbé àwọn yòókù, a ó wá wọn rí. Bí o bá gbàgbé èyí, wọ́n á pè wá lólè."

Èènì ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹnubodè fi mọ̀ ọ́n. Oníbàárà tó bá ra kẹ́ẹ̀gì kan á gbé ìgò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan, ìyá náà á sì rọ epo sí i títí yóò fi dé ìdajì ìgò. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣe é. Àwọn oníbàárà máa ń gba iwájú ọ́fíìsì mi kọjá ní Ifangni, wọ́n á fi epo tèmi sílẹ̀, wọ́n á wá òun lọ sí Banigbé. Inú mi kì í dùn sí i. N kò ní purọ́, mo jowú rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì, mo fa òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú kàyé. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń dà wọ́n kọ. Àwọn kàyé á dé lórí zém, ìyẹn ọ̀kadà tiwa níhìn-ín, màá tẹ gbogbo rẹ̀ títí ọrùn á fi máa ro mí, màá tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, màá sì fi rán awakọ̀ tó ń lọ sí Kùtọnù. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ni ọ̀gá máa ń kà. Bí ìlà náà bá dùn mọ́ ọn, á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ fún ọdún mélòó kan, kò sì sí ẹni tí wọ́n bú.

Ìgbà tó yá, ó ní Sátidé ti pẹ́ jù, òun fẹ́ máa rí ibùdó òun lórí fóònù bí àwọn ọ̀rẹ́ òun ṣe ń rí tiwọn. Ó rán ọkùnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sí mi. Bàtà rẹ̀ funfun nini, Faransé ẹnu rẹ̀ sì ń sáré ju tèmi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó tì mí, ó ń bi mí léèrè nípa òpó kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ ohun tí ètò náà yóò máa gbà lọ́wọ́ àwọn ibùdó. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó yíjú sí mi.

"Et ça, c'est quoi?" Ó fẹ́ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Mo mọ èsì rẹ̀. Kò sí ohun tí mo mọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n mo fi Faransé gbé e wò nínú ara mi, mo sì gbọ́ bí yóò ṣe dún létí ará Kùtọnù: a máa ń rọ epo ọ̀gá fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú tì mí. Mo rí ara mi bí ará oko tó ń ṣàlàyé ìwà ará oko fún ọ̀làjú. Ni mo bá rẹ́rìn-ín, mo sọ fún un pé àṣà àwọn ìyá arúgbó lásán ni, kò wúlò. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó tẹ nǹkan kan, òpó kẹta sì pòórá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́, àmọ́ tèmi yìí kò tilẹ̀ dún nígbà tó fọ́.

Ọkùnrin náà gbé fóònù ńlá kọ̀ọ̀kan lọ sí Daagbé àti Banigbé, ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tẹ iye epo sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìjábọ̀ ti ń fò kọjá lórí mi lọ sí Kùtọnù. Iṣẹ́ tó kù fún mi ni kí n máa wò ó, kí n sì máa dáhùn bí ọ̀gá bá ní ìbéèrè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà lásán ló ń gbé jáde, ọ̀gá kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àwọ̀ sí i. Ètò náà á mú epo tó wọlé, á yọ èyí tí a tà àti èyí tó ṣẹ́kù kúrò nínú rẹ̀, ohunkóhun tí kò bá rí, á pè é ní pàdánù. Ibùdó tí pàdánù rẹ̀ kéré á di àwọ̀ ewé, èyí tí tirẹ̀ pọ̀ á di pupa. Banigbé di pupa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìyá náà bá ṣe ń tà tó, bẹ́ẹ̀ ni èènì ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni pupa rẹ̀ ń pọ́n sí i. Ọkùnrin tó wà ní Daagbé ní tirẹ̀ kì í fún ẹnikẹ́ni ní èènì, kì í tilẹ̀ jẹ́ kí epo dé ọrùn kẹ́ẹ̀gì. Àwọ̀ ewé ni ètò náà fi ta á lọ́rẹ lójoojúmọ́.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe: ẹ dá èènì padà sínú ètò yìí. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú fóònù mi nígbà kan, mo wá pa á rẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa bi mí ni pé ta ló ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ètò náà kò dúró síbi tó wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìjábọ̀ sí fóònù ọ̀gá láràárọ̀ kó tó jẹun, ó ń to àwọn ibùdó bí ilé ìwé ṣe ń to ọmọ, Banigbé ló sì ń gbẹ́yìn. Nígbà tí tuntun rẹ̀ tún dé, ó ti ń fúnra rẹ̀ kọ gbólóhùn. Ó kọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé ohun tó ń lọ ní Banigbé kò bára mu, àti pé ó yẹ kí a yẹ ẹni tó wà níbẹ̀ wò. Faransé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ọ̀gá pè mí kí n tó fọ ẹnu.

Ó ní, "Ìyá yẹn ń jí epo mi, àbí kò jí i?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Iṣẹ́ ìyá náà àti orúkọ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ wà lẹ́nu mi, mo sì gbọ́ ara mi tó ń sọ pé, "Patron, mi ò mọ̀ o. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ náà ni."

Ó ní kí n tẹ ìjábọ̀ náà jáde, kí n gbé e lọ sí Banigbé, kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí n sì gba kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀sán gangan ni mo dé ibẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, oníbàárà mẹ́ta dúró tì í. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. N kò mu omi náà. Mo ṣí ìwé, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan: pàdánù, pupa, ìgbẹ̀yìn, kò bára mu. Iṣẹ́ tó kọ́ mi ni mò ń ṣe, mo sì ń ṣe é dáadáa.

"Níbo ni èènì wà nínú rẹ̀?" ó bi mí.

"Kò sí níbẹ̀, Màmá."

Ó fa kàyé kan yọ lábẹ́ àpótí. Kò tíì fi í sílẹ̀ láti ìgbà tí fóònù ti dé. Òpó kẹta kún fọ́fọ́, ó kọ ìgò kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ rẹ̀. Ó nà án sí mi, ó ní, "Gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀. Mú un fún ọ̀gá."

Mo wo kàyé náà. Bí mo bá gbà á, ó parí fún mi. Mo ní, "Màmá, wọn kì í gba ìwé mọ́."

Ó gbé e lé itan. "Ṣé ìwọ sọ fún wọn?"

"Mo sọ, Màmá. Wọn ò gbọ́ ni."

Ó wo ẹnu mi. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu epo kúrò lára kọ́kọ́rọ́ kó tó fi í sí mi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní, "Àṣé olè ni?", ọ̀rọ̀ náà sì ti dé Daagbé kí n tó padà dé ọ́fíìsì. Láàárín oṣù kan, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ rẹ̀ gba ipò ìyálóde lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò dára kí ẹni tí ọ̀rọ̀ epo ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ máa jókòó níwájú.

Ọkùnrin kan gba ibùdó náà, kò fún ẹnikẹ́ni ní èènì, Banigbé sì di àwọ̀ ewé kíá. Ọ̀gá fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ránṣẹ́ sí mi láti fi yìn wá. Àwọn oníbàárà ń dín kù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àmọ́ àwọ̀ ewé náà kò yẹ̀, nítorí ibi tí wọn kò ti ta epo, epo kì í sọnù. Nígbà tó wá hàn sí ọ̀gá pé òwò ti ń kú, àwọn tó ń ṣe ètò náà tún gbé tuntun dé. Wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Kùtọnù, wọ́n fún wa ní ohun mímu tútù, wọ́n sì fi àyè kékeré kan tí a ó máa tẹ nọ́ńbà sí hàn wá nínú ètò náà. Wọ́n pè é ní geste commercial. Wọ́n ní ẹ̀bùn kékeré ni, tí a fi ń mú oníbàárà padà wá. Gbogbo èèyàn ń mi orí bí ẹni tó rí ìmọ́lẹ̀. Èmi náà mi orí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sílé ìyá náà ní Banigbé. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, òun nìkan. Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ èènì kúrò. Mi ò sọ nǹkan kan fún ọ̀gá. Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ yẹn."

Kò gbé ojú sókè. "Mo mọ̀."

Ó tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

"Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn gbé fóònù wá, mo ní kí ọlọ́kadà tó gbé e wá bá mi bi í léèrè ibi tí mo máa fi èènì sí. Ó ní madame Ifangni ti sọ pé àṣà ìyá arúgbó ni, kò wúlò. Ó dáa. Mo ní ọmọ mi ni, ó mọ̀wé, yóò ní ìdí. Mò ń retí rẹ. Pupa dé, mò ń retí rẹ. Lọ́jọ́ tí o wá gba kọ́kọ́rọ́, mo bi ọ́ bóyá o sọ fún wọn, kí o lè rí ibi gbà jáde."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún ọ̀gá fúnra yín?"

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èdè wo ni mo gbọ́ tí màá fi sọ ọ́? Ìwọ ni ẹnu mi."

Mo bú sẹ́kún. Kò dá mi dúró, kò sì fọwọ́ kàn mí. Ó jẹ́ kí n sunkún títí ó fi tó mi.

"Ṣé kí o lè rí oorun sùn ni o ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi?" ló wí. "Gbé e padà. Èmi ò ní ibi tí màá gbé e sí."

Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ́ sí ojú ọ̀nà, ó nawọ́ dá zém kan dúró fún mi. Ó sọ fún ọlọ́kadà náà pé kó rọra wà mí délé, pé iṣẹ́ ńlá ni mò ń ṣe ní Ifangni.